Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ráotà Tí Bátìrì Wa Lè Bọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí a tó ná owó àjọ lórí Starlink níbi tí kò sí iná ìjọba, ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Bátìrì oníásíìdì fólítì 12, 100Ah, gba wáàtì-wákàtí 1,200. Ìdajì, 600, ni ká máa lò, kó má baà tètè kú. Ráotà wáàtì 10 yóò jẹ 240 lójúmọ́. Ti wáàtì 5 yóò jẹ 120. Ẹ yan èyí tó ń gba fólítì 9 sí 15, torí bí oòrùn bá mú, sólà a máa gbé bátìrì kọjá 14.

Starlink Mini ti ní ráotà nínú. Ẹni tó ra òmíràn kún un láìnídìí, ẹnu kejì ló wá fún bátìrì. Mini fúnra rẹ̀ ń jẹ wáàtì 25 sí 40. Bó bá wà ní títàn tọ̀sán-tòru, 600 ti tán nìyẹn. Ẹ máa pa á lálẹ́ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́