Orúkọ Ìjọ Kì í Ṣe Oníduró

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń wá ilé àgbà fún ìyá tàbí bàbá yín, ẹ má fọwọ́ síwèé tìtorí pé ìjọ ló ni ilé náà. A mọ ara wa. Bí a bá ti rí àgbélébùú lókè ilẹ̀kùn, kálámù ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Mi ò ní kí ẹ sá fún ilé ìjọ o. Ìjọ Presbyterian mẹ́rin ló dá National Church Residences sílẹ̀ ní Ohio lọ́dún 1961, ọ̀pọ̀ àgbà tí kò lówó lọ́wọ́ ló sì ti rí ilé gbé níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ti Pacific Homes, tó so mọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní California. Àwọn àgbà kówó ńlá sílẹ̀, Pacific Homes sì ṣàdéhùn pé òun yóò tọ́jú wọn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Owó tí wọ́n gbà kò tó ìnáwó. Nígbà tó di 1977, Pacific Homes wọko gbèsè, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Àwọn àgbà pe ìjọ lẹ́jọ́, ìjọ ní Pacific Homes dá dúró láyè ara rẹ̀. Owó tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà níkẹyìn ju mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè tẹ̀ lé lọ́yà káàkiri?

Ẹ béèrè, nígbà náà, ta ni òfin mọ̀ sí onílé. Bí ilé bá wọko gbèsè, ṣé ìjọ yóò san án? Bí Màmá bá kú tàbí tí wọ́n bá kó jáde láìpẹ́, èló ni wọn yóò dá padà nínú owó àkọ́wọlé? Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.

Ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́ lábẹ́ ètò Section 202, láti 1959, tún yàtọ̀. Àgbà tó ti pé ọdún 62 tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ ló wà fún. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn ló sì sábà máa ń san. Ilé lásán ni, kì í ṣe ilé ìtọ́jú: ẹnikẹ́ni kò ní wẹ̀ fún Màmá níbẹ̀. Orúkọ a máa pẹ́ lórí ìlà. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kí òun lè fi yín síwájú, gbájúẹ̀ ni.

“Medicare á san án” tún ń kó wa sí wàhálà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gba aláìsàn sí ọsibítù fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbà, lè sanwó ilé ìtọ́jú tó ní nọ́ọ̀sì dé 100 ọjọ́, 20 àkọ́kọ́ nìkan ló sì ń san tán. Medicaid ló ń gbé ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún aláìní, ṣùgbọ́n òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gíríìnì káàdì sábà máa ń dúró fún ọdún márùn-ún kó tó kàn án.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ìfọwọ́sí. Òfin àpapọ̀ ti 1987 kò gbà kí ilé ìtọ́jú tó ń gba Medicare tàbí Medicaid sọ pé àfi kí ọmọ fi owó ara rẹ̀ ṣe oníduró kí àwọn tó gba òbí rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀ ẹ ó rí ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ “Responsible Party” (ẹni tí yóò dáhùn fún owó) sí. Ẹ má kàn kọ orúkọ síbẹ̀. Bí Màmá bá ti fún yín láṣẹ lábẹ́ òfin láti bójú tó owó wọn, ẹ kọ ọ́ gedegbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọwọ́sí yín pé orúkọ wọn lẹ fi fọwọ́ sí i, owó wọn nìkan lẹ ó sì fi san án. Bí akọ̀wé bá fajú ro, ẹ gbé ìwé náà lọ sílé, kí ẹ fi han lọ́yà. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì ní ombudsman tó ń gbèjà àwọn tó wà nílé ìtọ́jú. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá pè wọ́n.