Ṣé ọkọ̀ ojú omi tó dáṣẹ́ dúró tó ìròyìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Thamesmead ní London ni. Bí ọkọ̀ ojú omi Woolwich bá dáṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan, ariwo á ta nínú ìròyìn. Ṣé wọn ò rí nǹkan gidi sọ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, nǹkan gidi ni. Láti 1889 ni ọkọ̀ yẹn ti ń gbé èèyàn kọjá odò Thames lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gbé mọ́tò pẹ̀lú. Bó bá dúró, ẹlẹ́sẹ̀ lè gba ọ̀nà abẹ́ odò tí wọ́n ṣí ní 1912. Onímọ́tò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn á yí lọ sí ọ̀nà abẹ́ odò ti Blackwall, níbi tí wọ́n ti ń gbowó láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Owó oúnjẹ ọmọ ẹlòmíì nìyẹn!

Má kàn máa wòran. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni ọ́. Bí ìwé ìgbélùú rẹ bá pé, tí o sì ti pé ọdún 18, o lè forúkọ sílẹ̀ kí o dìbò, ti káńsù àti ti ilé aṣòfin. Ṣùgbọ́n káńsù Greenwich àti ti Bexley ló pín Thamesmead láàárín ara wọn, nítorí náà kọ́kọ́ wádìí èyí tí ilé rẹ wà kí o tó kọ̀wé sí kánsẹ́lọ̀ rẹ nípa ọkọ̀ ojú omi náà.