Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Mu Omi Ọ̀sà: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Èdè Yorùbá àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ìfáàrà

Àwọn kan láàárín wa ṣì gbà pé oríkì, àlọ́ àti ọfọ̀ ni èdè Yorùbá wà fún, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀rọ, àfi kí a sá tọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo dán ọ̀rọ̀ yìí wò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwa tí a dàgbà ní Òṣogbo àti Iléṣà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n a mọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ata, a sì mọ dúrọ́ọ̀mù omi tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi tí ó bá gbóná a gòkè, èyí tí ó tutù a bọ́ sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọlẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ kò ní àyè dúrọ́ọ̀mù. Omi tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ gan-an ni ó ń mu. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ti lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó jẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi, mo rí páńpù náà ní títú. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó ní ìka tí ó ṣeé tẹ̀. Bí ó ti ń yí ni ó ń fa omi wọlé láti ojú asẹ́ ìsàlẹ̀, tí ó sì ń tì í gòkè lọ yí ẹ́ńjìnnì ká. Púpọ̀ nínú omi náà a bá èéfín jáde. Díẹ̀ a máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí awakọ̀ lè rí i. Mo pe èyí ní omi ẹlẹ́rìí.

Wíwá àléébù rẹ̀

Bí omi ẹlẹ́rìí bá dá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko: bí ooru bá pọ̀ jù, irin inú rẹ̀ yóò há, èrò yóò sì wà láàárín ọ̀sà láìsí ọ̀nà àtidélé. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò omi ẹlẹ́rìí. Iyanrìn tàbí iyọ̀ lè dí i. Bí omi bá tú jáde dáadáa, ẹnu ẹlẹ́rìí ni ó dí, ẹ́ńjìnnì kò ṣàìsàn.

2. Ẹ gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ wo asẹ́ bóyá ọ̀rá tàbí koríko ni ó bò ó. Ewéko tí ń léfòó, tí a kọ́kọ́ rí ní omi Badagry ní ọdún 1984, ń yọ ọlọ́kọ̀ lẹ́nu púpọ̀.

3. Bí asẹ́ bá mọ́, ẹ tú páńpù. Bí ìka abẹ̀bẹ̀ rọ́bà bá gé, tí ó gan, tàbí tí ó tẹ̀ tí kò nà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá èyí tí ó gé náà rí, nítorí ó lè bá omi gòkè lọ dí ọ̀nà.

4. Bí rọ́bà bá pé, ẹ yẹ ilẹ̀kùn ooru wò, èyíinì ni èyí tí ó yẹ kí ó ṣí nígbà tí omi bá gbóná. Ó lè ti há ní títì.

Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì yìí lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi dán an wò. Omi ni kì í jẹ́ kí rọ́bà náà ha. Láìsí i, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Èmi ni mo ṣẹ̀dá abẹ̀bẹ̀ rọ́bà, omi ẹlẹ́rìí àti ilẹ̀kùn ooru, láti inú iṣẹ́ tí ojú mi rí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Èdè Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá. Ọmọṣẹ́ tí kò lè kà á, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kan bá jó ni yóò tó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a tọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ, kí a gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, kí a sì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò bá kọ ọ́, ta ni yóò kọ ọ́?