Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ló Tó Láti Lé Ọ̀gá Àgbà Lẹ́nu Iṣẹ́?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò máa ṣàlàyé òwe yìí fún, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tètè dé ibi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ lójú jù lọ: ọ̀nà tí a ń gbà lé àwọn tí a fi ṣe olórí iṣẹ́ wa. Ẹ jẹ́ ká fi Òfosù ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin. Ìlú kòkó ni, òwò kòkó kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá ṣe. Ẹni tó ni owó lè wà ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó. Máníjà tó gbà síṣẹ́ ni yóò máa pín owó fún àwọn tó ń wọ oko lọ rajà, òun ni yóò dúró ti òṣùwọ̀n, òun ni yóò sọ èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, òun ni yóò kó ẹrù sọ́kọ̀. Bí a bá wo ìwé tí wọ́n fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, owó oṣù máa ń hàn kedere, ilé tí yóò máa gbé máa ń hàn, ọkọ̀ tí yóò máa lò náà ń hàn, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi lè lé e kì í sábà ju gbólóhùn kan lọ: bí ìwà tàbí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn mọ́. Gbólóhùn yẹn ń bí mi nínú. Kò sọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà, kò sọ ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ náà wò, kò sì sọ bóyá ẹni tó jí owó àti ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó olówó ni a óò jọ fi ọwọ́ kan náà lé.

Àwọn máníjà kan rò pé òfin yóò gba àwọn sílẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 11, ka iye àkókò tí a gbọ́dọ̀ fi tó òṣìṣẹ́ létí kí a tó dá a dúró: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù kan fún ẹni tó bá ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abala 91 òfin kan náà yọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso kúrò lára àwọn tí òfin ń pè ní òṣìṣẹ́. Alágbàṣe tó ń ru àpò kòkó ní ààbò tí máníjà rẹ̀ kò ní. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ni òfin tirẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti ń sọ ọ́ pé agbanisíṣẹ́ aládàáni lè dá ènìyàn dúró láìsọ ìdí kankan, bí ó bá ti fún un ní àkókò tí wọ́n jọ fàdéhùn sí, tàbí owó àkókò náà. Ìgbà tó bá la ẹnu sọ ìdí ni ó di dandan kó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2008 nínú ẹjọ́ Shell àti Olarewaju. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí èyí ń kọ́ olówó: kó pa ẹnu mọ́. Ẹni tó dákẹ́, owó oṣù díẹ̀ ni yóò san, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò máa kó ẹ̀rí kiri ilé-ẹjọ́.

Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ń gbé wa lọ hàn nínú ẹjọ́ Bernard Longe. Òun ni alákòóso àgbà First Bank nígbà tí ilé-ìfowópamọ́ náà yá Investors International London Limited lówó, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òwò náà kò yọrí sí rere. Lọ́dún 2002, ìgbìmọ̀ olùdarí ní kí Longe lọ rọ́kún nílé. Lẹ́yìn náà wọ́n tún jókòó láìpè é, wọ́n sì fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó ń rọ́kún kò ní ẹ̀tọ́ sí ìpè ìpàdé. Longe pàdánù nílé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó di oṣù kẹta ọdún 2010 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé olùdarí tí a ní kó lọ rọ́kún ṣì jẹ́ olùdarí, pé abala 266 òfin ilé-iṣẹ́ ìgbà náà ní kí a fi ìpàdé tó gbogbo olùdarí létí, àti pé ìpàdé tí a kò pè é sí kò lè lé e. Òwe wa gan-an nìyẹn, lẹ́nu adájọ́. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ìbéèrè tí ọdún 8 náà kò dáhùn: ṣé yíyá owó lọ́nà bẹ́ẹ̀ tó ohun tí a fi ń lé alákòóso àgbà? Orí ìpè ìpàdé ni ẹjọ́ dúró lé. Ìrọ́kún yìí kan náà tún padà wá ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2014, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ní kí Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀, lọ jókòó sílé, tí sáà ọdún 5 rẹ̀ sì ku oṣù díẹ̀. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka àwọn ìdí tí a fi lè yọ gómìnà, ó sì ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti ìyọnípò náà lẹ́yìn. Ẹni tó kọ òfin náà ti ilẹ̀kùn iwájú gbọn-in. Kò rántí ìrọ́kún, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì gbà.

Níbí ni mo ti gbà pé òwe náà kù díẹ̀ káàtó. Gbogbo ẹ̀bi ni ó dì lé orí ẹni tó ń dá ẹjọ́, bí ẹni pé bí ó bá ti gbọ́ tọ̀tún tòsì, òdodo yóò jáde. Ẹ pe máníjà wá, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán; bí kò bá sí ohun tí ẹ jọ kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé èyí ni ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ẹ óò fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò? Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án náà ló ń dájọ́. Ó ti gbọ́ ẹnu méjèèjì lóòótọ́, ìkà rẹ̀ kò sì dín kù. Lọ́dún 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn olùkọ́ àgbà Yunifásítì Èkó padà sí ipò tí wọ́n ti yọ wọ́n. Kì í ṣe àìgbọ́ tẹnu wọn nìkan ló gbà wọ́n. Abala 17 òfin yunifásítì náà ti sọ ṣáájú pé ìwà àìtọ́ tàbí àìlèṣiṣẹ́ ni a fi ń yọ wọ́n, ó sì ti la ọ̀nà tí a óò tọ̀. Adájọ́ rí nǹkan dì mú. Máníjà kòkó kò ní abala 17 kankan, àfi èyí tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ bá jókòó kọ lọ́jọ́ tí inú àwọn méjèèjì ṣì ń dùn síra wọn.

Kí ni kí wọ́n kọ? Ohun tí ẹni kẹta lè fojú rí tàbí kó kà. Kí wọ́n má kọ “àìṣòótọ́” lásán. Kí wọ́n kọ fífi owó ìrajà ṣe òwò ara ẹni, yíyí òṣùwọ̀n, kíkọ àpò tí kò sí sínú ìwé, gbígba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà fún ilé-iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí wúwo, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kò sí ìkìlọ̀ níbẹ̀. Ti àìmọṣẹ́ yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìwé púpọ̀ ti ń ṣì. Kòkó tó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, yóò bu nínú àpò. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin yìí wà, ọwọ́ kan ni a fi ń gbé e. Nítorí náà wọ́n lè kọ ọ́ pé bí ọjà tí máníjà gbà wọlé bá rin jù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin àsìkò kan, ilé-iṣẹ́ yóò kọ̀wé sí i, yóò fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tún un ṣe, bí kò bá sì yí padà, ó di ìdí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ pé èrè tó lọ sílẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé lọ́dún 2024, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó já wálẹ̀ gidi. Kò sí èyí tí máníjà Òfosù lọ́wọ́ sí nínú méjèèjì. Àìgbọràn gbọ́dọ̀ jẹ́ àìgbọràn sí àṣẹ tó bófin mu tó sì jẹ mọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdálẹ́bi nílé-ẹjọ́, kì í ṣe pé ọlọ́pàá wá mú un. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá, ojú ewé mìíràn ni kó wà. Ìrọ́kún ńkọ́? Kí owó oṣù máa wọlé, kí ó ní ọjọ́ tí yóò parí, kí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé kò gba ìpè ìpàdé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Olówó yóò ní, owó mi ni, ṣé tipátipá ni kí n máa bá ẹni tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí ṣiṣẹ́? Rárá o. Fún un ní oṣù rẹ̀, san ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn, kó lọ pẹ̀lú orúkọ rere rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí o fẹ́ lé lọ́wọ́ òfo, pẹ̀lú àbàwọ́n tí yóò máa bá a kiri ọjà, ni mo ní kí o kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Olówó gan-an ló yẹ kó wá ìwé tó mọ́gbọ́n dání ju máníjà lọ. Disney gba Michael Ovitz ṣe ààrẹ ilé-iṣẹ́ wọn lọ́dún 1995, oṣù 14 lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa lọ. Àìbìkítà tó burú jáì tàbí ìwà ibi nìkan ni ìwé rẹ̀ kà sí ìdí láti lé e láìsan owó. Pé iṣẹ́ náà kò bá a mu kò sí níbẹ̀. Ó kó nǹkan bí mílíọ̀nù 130 dọ́là lọ. Àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà pẹjọ́, wọ́n sì pàdánù nílé-ẹjọ́ Delaware lọ́dún 2005 àti 2006. McDonald's gbọ́n díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n jẹ́ kí Steve Easterbrook, ọ̀gá àgbà wọn, lọ pẹ̀lú owó ní ìparí ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó fi pamọ́ fún wọn, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ohun tó lé ní mílíọ̀nù 105 dọ́là ni ó dá padà lọ́dún 2021. Kí ìwé Òfosù náà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àṣírí bá tú lẹ́yìn tí máníjà ti gbowó lọ.

Àwọn lọ́yà yóò ní kò sí ẹni tó lè ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tán. Òótọ́ ni. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un, ẹ ní ìwà mìíràn tó wúwo tó àwọn tí a kà yìí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí gbólóhùn yẹn dá nìkan wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilẹ̀ ń yí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 ti ka àwọn ìdí tó tọ́ láti dá òṣìṣẹ́ dúró. Àdéhùn 158 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ti ọdún 1982, ní kí ẹnikẹ́ni má dá iṣẹ́ òṣìṣẹ́ dúró láìsí ìdí tó múná dóko. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àtúnṣe ọdún 2010 sí òfin orílẹ̀-èdè ti fún ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní agbára láti wo ohun tí ayé ń ṣe, àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ ti ń bèèrè ìdí lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tó dákẹ́.

Máníjà tó ti fọwọ́ sí ìwé onígbólóhùn kan kò tíì pẹ́ jù. Kí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá kí àsìkò kòkó ńlá tó wọlé, nígbà tí olówó ń wá ẹni tí yóò gbé owó ìrajà lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní àyè kò sí, kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ojú ewé méjì péré, pẹ̀lú èdè tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń sọ, kó fi ránṣẹ́, kó sì bèèrè fún ìfọwọ́sí kí owó àkọ́kọ́ tó dé.