Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Aṣọ Tí A Fi Dógò

Ibi Kíkà: Ẹ́kísódù 22:25-27, Diutarónómì 24:6, 10-17, 2 Tímótì 4:9-21

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo aṣọ ìlekè inú Bíbélì, èyíinì ni aṣọ tí a ń dà bo èwù tí ó wà nísàlẹ̀. Nílẹ̀ wa, a mọ̀ pé agbádá kì í ṣe dàńdógó, bẹ́ẹ̀ ni ìborùn kì í ṣe aṣọ ìbora. Bákan náà ni ó rí láàrin àwọn Júù àti àwọn ará Róòmù. Oríṣiríṣi ni aṣọ ìlekè wọn, olúkúlùkù ni ó sì ní orúkọ tirẹ̀.

1. ORÍṢI AṢỌ ÌLEKÈ

(a) Aṣọ wòlíì: Agbádá ni Bíbélì wa pe èyí tí Èlíjà dà bo Èlíṣà (1 Àwọn Ọba 19:19). Kí a má ṣe rò pé ó dà bí èyí tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Sekaráyà 13:4 fi hàn pé aṣọ onírun ni àwọn wòlíì ń wọ̀. Adderet ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Hébérù, orúkọ yìí kan náà ni a sì pe aṣọ tí ọba Nínéfè bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Jónà (Jónà 3:6).

(b) Aṣọ àlùfáà àti ọlọ́lá: Me'il ni wọ́n ń pè é. Òun ni Hánà ń dá fún Sámúẹ́lì lọ́dọọdún (1 Sámúẹ́lì 2:19). Etí irú aṣọ yìí ni Dáfídì gé lára Sọ́ọ̀lù nínú ihò (1 Sámúẹ́lì 24:4).

(d) Aṣọ ọmọ ogun: Chlamys ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Orí èjìká ni wọ́n ti ń so ó. Òun ni àwọn ọmọ ogun fi wọ Jésù láti fi ṣe ẹlẹ́yà (Mátíù 27:28).

(e) Aṣọ ìrìnàjò: Èyí ni Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kápù ní Tíróásì. Aṣọ tí ó nípọn ni, ihò kan ni a ń ki orí bọ̀. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ni ó ní ìborí tí a rán mọ́ ọn lẹ́yìn ọrùn, tí a lè fà bo orí bí òjò bá dé. Àpọ́sítélì ńlá yìí wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì ní kí Tímótì bá òun mú un bọ̀, kí ó sì tètè dé kí ìgbà òtútù tó wọlé.

(ẹ) Aṣọ ojoojúmọ́: Simlah ni ní Hébérù, himation ni ní Gíríìkì. Òun ni Bátíméù jù sílẹ̀ (Máàkù 10:50). Ó wà lára àwọn aṣọ tí Dọ́káàsì rán fún àwọn opó (Ìṣe 9:39). Ní ọ̀sán, aṣọ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ni tálákà fi ń bora sùn. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí, nítorí ìró tí wọ́n ró lọ sọ́jà ni wọ́n ń fi bora lálẹ́.

2. ÒFIN ỌLỌ́RUN LÓRÍ AṢỌ YÌÍ

Nínú gbogbo aṣọ wọ̀nyí, ti tálákà ni Ọlọ́run ṣe òfin ìdógò lé lórí. Bí ó bá fi dógò, ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí a jẹ lówó kò gbọdọ̀ wọ ilé lọ mú ohun ìdógò. Kí ó dúró níta, kí onílé fúnra rẹ̀ mú un jáde wá. A kò gbọdọ̀ gba aṣọ opó rárá. Wòlíì Ámósì bá àwọn tí ń sùn lé aṣọ ìdógò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ wí (Ámósì 2:8). Inú ilé ìsìn ni wọ́n wà o!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán. Ní 1960, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpáàdì kan létí òkun ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí a ti kọ̀wé sí ní nǹkan bí 2,600 ọdún sẹ́yìn. Olùkórè kan ni ó ń bẹ gómìnà. Ó ní òun ti kórè iye tí ó tọ́ sí òun, síbẹ̀ ẹnìkan gba aṣọ òun lọ. Ó ní àwọn tí àwọn jọ kórè nínú oòrùn yóò jẹ́rìí òun. Aṣọ kan ṣoṣo ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

3. ÈYÍ TÍ Ó KÀN WÁ

A kò lè kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ yìí kí a má jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Opó kan láàrin wa yá owó, kò sì rí i san lásìkò. A kó ara wa jọ, a wọ ilé rẹ̀, a gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ gbà wá láàyè, òun náà sì ti buwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ni ó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, òun náà ni ìbá sì fi san gbèsè wa. Oṣù mẹ́rin ni a fi gbé e sí yàrá, gbèsè kò dín kọ́bọ̀ kan. Ìgbà tí a ka Diutarónómì 24:6, tí a rí i pé ọlọ ni Ọlọ́run dárúkọ níbẹ̀, pé ẹni tí ó gbà á fi dógò gba ẹ̀mí ènìyàn, ojú tì wá. A gbé ẹ̀rọ padà. Ó san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n kò bá wa dáwó mọ́ títí di òní.

Ọlọ́run kò ní kí a má yáni lówó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ajigbèsè má san. Ohun tí ó ní kí a má fọwọ́ kàn ni èyí tí ọmọnìkejì wa fi ń bora àti èyí tí ó fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ọkọ bá kú tí àwọn ẹbí ń ti yàrá pa, tí wọ́n ń pín aṣọ inú àpótí. Bí a bá jẹ́ ìyàwó ilé tàbí àbúrò ọkọ níbẹ̀, kí a má dákẹ́. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jẹ́ aṣọ fún opó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni aṣọ ìrìnàjò Pọ́ọ̀lù kọ́ wa nípa bíbéèrè ìrànlọ́wọ́?
2. Èéṣe tí Ọlọ́run fi ní kí ẹni tí a jẹ lówó dúró níta?
3. Ǹjẹ́ ohun ìdógò kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa tí ó yẹ kí a dá padà kí oòrùn òní tó wọ̀?

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti gba aṣọ lára ẹni tí òtútù ń mú. Fún wa ní ọkàn Dọ́káàsì. Àmín.