Abàmì Ẹ̀dá àti Ìkórìíra Àjèjì: Àfiwé Frankenstein àti Ìtàn Obìnrin Ẹfọ̀n

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn, abàmì ẹ̀dá ni a máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù. Bí ara ẹ̀dá ìtàn bá ti yàtọ̀, òǹkàwé a ti gbà pé ìwà rẹ̀ kò lè dára. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ èrò náà wò nínú Frankenstein, ìwé ìtàn àròsọ tí Mary Shelley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1818, àti nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu Yorùbá nípa Ọya tí ó jẹ́ ẹfọ̀n. Nínú méjèèjì, ara tí ó yàtọ̀ kọ́ ni ó bí ìjà. Ọwọ́ tí àwọn ènìyàn fi mú ẹ̀dá náà ni.

Ẹ̀dá Tí Kò Lórúkọ

Victor Frankenstein, akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Ingolstadt ní ilẹ̀ Jámánì, kó ẹ̀yà ara òkú jọ, ó sì fi ẹ̀mí sí i. Bí ẹ̀dá náà ti lajú ni Victor sá fún un. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀dá yìí fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdílé De Lacey, ó kọ́ èdè wọn, ó sì ń wá igi ìdáná fún wọn ní òru. Bàbá ilé náà, tí ó jẹ́ afọ́jú, fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n Felix ọmọ rẹ̀, tí ó ríran, fi igi lù ú. Nígbà tí ó yọ ọmọbìnrin kan nínú odò, ìbọn ni wọ́n fi san án lóore. Lẹ́yìn èyí ni ó tó pa William, àbúrò Victor.

Obìnrin Ẹfọ̀n

Ọdẹ kan rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin. Ó gbé awọ náà pamọ́ sínú àká, ó sì fẹ́ obìnrin náà lórí àdéhùn pé òun kò ní tú àṣírí rẹ̀. Obìnrin náà bímọ fún un. Ní ọjọ́ tí ọtí pa ọdẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ìyàwó rẹ̀ yòókù, wọ́n sì fi kọrin bú orogún wọn. Ó wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó sì pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dá àwọn ọmọ rẹ̀ sí, ó fi ìwo sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè máa fi pè é.

Àfiwé

Afọ́jú gba ẹ̀dá kìíní nítorí pé kò rí i. Agbo ilé gba èkejì nígbà tí awọ rẹ̀ ṣì wà ní ìpamọ́. Ìwà wọn kọ́ ni ó yí padà, ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa wọn ni. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan ṣe pàtàkì. Obìnrin ẹfọ̀n ní ọmọ, nítorí náà ìbínú rẹ̀ ní ààlà. Ẹ̀dá Victor kò ní ẹnìkan. Nígbà tí Victor ṣèlérí aya fún un, tí ó sì tún fa iṣẹ́ náà ya, ìbínú tirẹ̀ kò ní ibi ìdúró mọ́. Èyí kò dá ìpànìyàn láre: William kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti ọrùn Justine, ìránṣẹ́ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, bọ okùn nítorí ikú rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Yorùbá pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà kí ẹnu ayé má baà wọlé tọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, a ṣì ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọgbà ilé-ìwé. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní irú ìtàn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ béèrè ẹni tí ó jẹ́ abàmì nìkan. Kí ó béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kọ̀ sílẹ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.