Ibòji ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́lé sí Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, mo rí i pé ẹ ti fẹ́ràn fern, ewé rírẹwà tí ẹ ń rà wá láti Ìbàdàn. Inú mi dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, wọ́n á gbẹ, ẹ ó sì ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn kò gbà á.

Ilẹ̀ wa gbà á. Ẹ lọ sí etí odò níbi tí igi ti ṣíji bo omi, tàbí kí ẹ wo ara ọ̀pẹ tó ti dàgbà, ẹ ó bá irú rẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín. Ewéko yìí kì í tanná, kì í sì í so. Ohun kan bí eruku, tó wà lábẹ́ ewé rẹ̀, ló fi ń bí sí i. Eruku yìí á hu ewé tíntìntín kan nílẹ̀, orí ìyẹn ni akọ ti ń wẹ inú omi lọ bá abo. Bí kò bá sí ọ̀rinrin, kò sí ìbímọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tóótòòtó rúsúrúsú lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i. Ohun tó fi ń bí sí i nìyẹn.

Oòrùn nìkan kọ́ ló ń pa á. Ọyẹ́ ni mo bẹ̀rù jù. Láti aginjù Sàhárà, ní àríwá ìlà-oòrùn, ló ti ń fẹ́ wá, á sì fa omi ara ewé tán kí gbòǹgbò tó rí òmíràn fà. Ẹ jẹ́ kí ilé tàbí ògiri dí i lọ́nà, kí máńgòrò sì wà níwọ̀-oòrùn láti gba oòrùn ọ̀sán. Abẹ́ páànù kì í ṣe ibòji, ooru ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàlá tí ẹ fi sìmẹ́ńtì bò pátápátá.

Ewé jíjẹrà abẹ́ igi ni kí ẹ pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù tútù á jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa ná. Ìkòkò amọ̀ máa ń tètè gbẹ, ẹ rì í dé ọrùn sínú iyanrìn tí ẹ ń bomi rin. Omi ọṣẹ kò dára fún ewéko yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ fern sí i, ẹ má lọ hú u nínú Old Oyo National Park o. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ pín ìdí kan tó ti gbilẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fún aládùúgbò yín nínú rẹ̀.